Ohùn Tí Àpótí Kò Mọ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Oníbúrẹ́dì máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí àpótí funfun kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ó sì lọgun bí ẹni tí ilé ń wó lù: "Ẹ gbà mí o!"

Kó tó pa ẹnu dé, fóònù tó wà nínú báàgì ìyàwó rẹ̀ ti ń dún.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan?" Inú ọkùnrin náà ń dùn ṣìnkìn. "Tí Màmá bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n ṣáà ti ké. Lójú ẹsẹ̀ ló máa pè ọ́, á sì pe èmi náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ṣe é. Lọ́la la máa kó ìyókù lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, a ó kàn án mọ́ ògiri yàrá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Tíṣà ni gbogbo ará ilé alájà tí wọ́n ń gbé ń pe ọkùnrin yìí. Yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe jẹ́lé-ó-sinmi, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì janpata mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì tó wà ní ìkángun òpópónà ló ti ń po ìyẹ̀fun, kó tó di pé Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí ìbàdí wọn kò sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́. Láti ìgbà náà, Oníbúrẹ́dì ti di olùṣọ́ ilé. Kò ráhùn, ó fẹ́ràn ìyá náà dénú. Àmọ́ tó bá sùn lóru, ọwọ́ rẹ̀ á máa po ìrọ̀rí bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ọkọ rẹ̀ á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé tí kò bá wọlé lọ́sẹ̀ yìí, òun á fi ẹlòmíràn sáyè rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ni nǹkan kan ṣoṣo láyé yìí tó lè nawọ́ sí pé tòun ni. Àpótí yìí ló máa jẹ́ kó lè lọ.

"Ẹ jẹ́ kí Màmá náà pè é wò," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ohùn ni ohùn," ni Tíṣà dáhùn, ó ti ń wọ bàtà. "Mo ti pẹ́ jù."

Màmá ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì nídìí tábìlì. Wọ́n ju ọwọ́ sí i. "Máa lọ jàre! Ṣé títí ayé lo fẹ́ máa jókòó tì mí bí aago ara ògiri ni? Ojú rẹ ti sú mi." Èébú ni Màmá fi ń kẹ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn. Oníbúrẹ́dì mọ̀ ọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àga àti ọ̀pá sún mọ́ wọn, ó sì jáde.

Níbi iṣẹ́, wọ́n kí i bí ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé. Ẹni tó ń ṣọ́ ààrò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. "Ẹ wá wo ọwọ́! Ó ti rọ̀ bíi ti ọmọ ọba! Ó ti gbàgbé iṣẹ́!"

"Fi mí sílẹ̀, kí n fi iṣẹ́ hàn ọ́," ni Oníbúrẹ́dì wí, ó sì ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìyẹ̀fun dé ìgúnpá.

Áà, ó dùn mọ́ ọn! Ooru ààrò, òórùn búrẹ́dì tó ń yọ, ariwo àwọn páànù, ẹ̀fẹ̀ tí kò dáa tí àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ ń ṣe tí ọ̀gá bá ti yíjú. Ó ń kọrin láìmọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á nu ọwọ́, á yọ fóònù wò. Kò sí ẹni tó pè. Ọkàn rẹ̀ á tún balẹ̀ sí i. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà nínú ara rẹ̀, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò rere.

Ìgbà tí fóònù wá dún, wọ́n ti ń kó búrẹ́dì ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde nínú ààrò. Kì í ṣe àpótí ló pè é. Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin tó ń gbé ní àjà ìsàlẹ̀ ilé wọn, tí kọ́kọ́rọ́ wọn kejì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Máa bọ̀ nílé," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Màmá ṣubú. Wọ́n wà láàyè o, má sáré."

Ta lèèyàn á sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní sáré? Oníbúrẹ́dì já síta pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, bàtà ilé ààrò lẹ́sẹ̀. Ọlọ́kadà kan tẹ fèrè mọ́ ọn, ó bú u, kò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀: fóònù ò dún. Mo ń kọrin, fóònù ò sì dún.

Lórí àtẹ̀gùn ilé, àwọn ará ilé ti pé jọ, ẹnu wọn ò sì dákẹ́.

"Wọ́n ní ìyá náà ti lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè tíì ni."

"Ìyàwó ló lọ síbi iṣẹ́, ó fi ẹ̀rọ ṣọ́ wọn."

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ayé mà ti bàjẹ́ o."

Ó là wọ́n kọjá láìkí ẹnikẹ́ni.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi aṣọ ìbora méjì wé wọn. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ń fọwọ́ tẹ orúnkún wọn. Kò jẹ́ kí Oníbúrẹ́dì béèrè kó tó dá a lóhùn. "Egungun kankan ò ṣẹ́. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò látòkè délẹ̀. Ìgúnpá wọn bó, itan wọn á dúdú díẹ̀. Òtútù ló mú wọn jù. Jókòó, kí ìwọ náà má lọ ṣubú lù mí níbí."

Oníbúrẹ́dì ò rí àga, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ẹkún ló kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n títí, kó tó di ẹ̀rín.

"Kí lo fi ìyẹ̀fun kunjú sí?" ni Màmá bi í. "Ṣé eré lẹ máa ń ṣe níbi iṣẹ́ yín ni?"

Ọwọ́ ni wọ́n fi bo ẹnu sọ ọ́, ohùn wọn sì ti há. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n máa ń yọ eyín àtọwọ́dá wọn, wọ́n á lọ ṣan án nílé ìwẹ̀, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí ẹnikẹ́ni má rí wọn. Ọmọ tí wọ́n bí pàápàá kò rí wọn láìní eyín lẹ́nu rí, àfi Oníbúrẹ́dì nìkan. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà láti ìgbà tí tíì wọn ṣì gbóná lórí tábìlì.

"Mo ké," ni Màmá wí. "Mo ké títí, ọmọ mi. Mo ní àpótí yẹn á gbọ́. Nígbà tó pẹ́ tí n ò rí ẹnì kankan, mo ní bóyá ẹ ti gbọ́, pé ọwọ́ yín ló dí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Oníbúrẹ́dì lára. Ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ wọn.

"Ta ló wá rí wọn?" ló béèrè nígbà tó yá.

Nọ́ọ̀sì fi àgbọ̀n júwe ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró síbẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun máa lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Oníbúrẹ́dì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì Tíṣà ni, ó wà lára àwọn tó ṣe àpótí náà. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, nítorí ibi yòówù kí wọ́n pín iṣẹ́ sí, àwọn ọmọkùnrin á gbá ẹ̀rọ mú, wọ́n á sì na kálámù sí i.

"Mo fẹ́ kí Màmá sọ̀rọ̀ sí i kí wọ́n tó kó ìyókù lọ lọ́la, mà," ló wí. "Mo kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Mo ti ń padà, ni mo gbọ́ tí nǹkan ń kan ilẹ̀ kò, kò, kò. Màmá ló ń fi ife kan ilẹ̀. Mo sáré lọ pe ará ìsàlẹ̀."

"Kí ló wá mú ọ rò pé ó yẹ kí Màmá sọ̀rọ̀ sí i?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Torí kì í dá èmi náà lóhùn, mà."

Kí Oníbúrẹ́dì tó béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ariwo ti gba àtẹ̀gùn. Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin, ló dé, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó yẹ ìgúnpá wò, ó yẹ itan wò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó wá yíjú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú búrẹ́dì."

"Ẹ má bínú, mà."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣebí ìyá tiwa ni? Tó bá jẹ́ ìyá tó bí ọ lọ́mọ, ṣé wàá gbé wọn lé ògiri lọ́wọ́, kí o lọ máa po ìyẹ̀fun?"

Oníbúrẹ́dì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ ọn, ó ń sán. Gbogbo oṣù tó fi ń gbé ìyá náà sùn tó ń gbé wọn dìde, Àǹtí Àgbà kì í wá ju ọjọ́ ìsinmi lọ, èso ló sì máa ń gbé wá. Ó lè sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìyẹ̀fun náà kúrò.

"Fi ọmọ mi sílẹ̀," ni Màmá wí lórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí Àgbà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà já wọlé, òógùn bò ó. Ó gán-án-ní ìyá rẹ̀, ó rí i pé wọ́n jókòó, pé ojú wọn là. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ tó ń fa wáyà, tó ń tú ìdérí àpótí náà.

"Wáyà ò já o!" ló kígbe láti ibẹ̀. "Iná wà lára rẹ̀! Kò sí nǹkan tó ṣe é!"

Oníbúrẹ́dì dìde. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" lójú àwọn ẹbí rẹ̀ rí. "Ìwọ!" ló pè é. "Ìyá rẹ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ara ògiri lo lọ ń wò?"

Gbogbo èèyàn ń retí kí Àǹtí Àgbà fi ẹnu bó ìyàwó láwọ. Àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí. Òun náà ti rí ohun tí àbúrò òun ṣe.

"Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ ni," ni Tíṣà wí pẹ̀lẹ́. Ó dúró níwájú àpótí, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó wá lọgun bíi ti àárọ̀: "Ẹ gbà mí o!" Fóònù Oníbúrẹ́dì dún kíákíá. Ó wò wọ́n bí ẹni pé ó ti jàre. "Ẹ rí i? Bóyá Màmá ò ké sókè tó ni."

"Èmi?" ni Màmá wí. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ wọn rí ẹnu wọn láìsí eyín, wọ́n ò sì bìkítà. "Ẹ gbà mí o!" Ohùn tó há yẹn ta jáde, ó ga, ó gbọ̀n, ó kún ilé. Fóònù ò dún.

Tíṣà ní kí wọ́n fi eyín sẹ́nu. Wọ́n fi í sẹ́nu. Wọ́n tún ké. Fóònù ò dún.

"Jẹ́ kí n wò ó," ni Oníbúrẹ́dì wí, ó sì sún mọ́ ara ògiri. "Ẹ gbà mí o!" Fóònù pa lọ́lọ́. Nọ́ọ̀sì náà dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ké tirẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Kò sí nǹkan kan. Àǹtí Àgbà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ti gbogbo wọn sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀, ó wá figbe ta débi pé àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù mì. Fóònù ò mira. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn rọ́ wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ọmọ odó, wọ́n rò pé olè ló wọlé.

"Kò sí nǹkan, ẹ jọ̀ọ́," ni Oníbúrẹ́dì wí fún wọn. "Ẹ̀rọ la ń dán wò." Ó rí i bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, òun náà sì ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Akọ̀wé," ni Tíṣà pè. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Wá pè é."

Ọmọ náà pè é bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò dún. Ó wá fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó ṣe bí ọmọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀: "Ẹ gbà mí o!" Fóònù Oníbúrẹ́dì bú jáde.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ohùn àwọn ọmọkùnrin inú kíláàsì la fi kọ́ ọ, sà," ni Akọ̀wé wí. "Ìyẹn nìkan ló mọ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kì í gbọ́ mi, wọ́n ní n ò lágbára ohùn, kí n máa kọ̀wé mi. Mo ní ká gbé e lọ bá àwọn ìyá arúgbó, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N ò sọ ọ́ mọ́."

"O ò sọ fún mi," ni Tíṣà wí.

Ọmọ náà fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́fun rẹ̀. "Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ fún yín, sà? Wákàtí kan wà lọ́sẹ̀ tí iléèwé yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti kọ́ pé àwọn tí kò jọ wá náà máa lo ohun tí a bá ṣe, àti pé gbogbo wa la gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ ní ká máa fi ṣe ìṣirò tó kù. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Oníbúrẹ́dì mọ wákàtí náà. Ní tábìlì oúnjẹ níbí ni Tíṣà ti máa ń pè é ní wákàtí oorun, tí á rẹ́rìn-ín títí omi á fi sá lójú rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Òun náà ń wò ó. Oníbúrẹ́dì mọ̀ pé ó rántí.

Tíṣà lọ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó bó, ó gbé e lé itan ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yọ fóònù, ó pe ilé ìtọ́jú àwọn àgbà.

"Ẹ má dúró dè wá lọ́la," ló wí. "Rárá, kò bàjẹ́. Àwa tí a ṣe é la ò tíì kẹ́kọ̀ọ́ tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan níbẹ̀ máa retí rẹ̀."

Oníbúrẹ́dì mí kanlẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti ń ronú kan àwọn arúgbó wọ̀nyẹn láti ìgbà tí fóònù ò ti dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ tútù, tí wọ́n ń pe ògiri. Ẹrù ńlá ló sọ̀ kúrò lórí rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Àgbà wí. "Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ìyàwó á pe ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò wá mọ́. Àbí ta ló máa jókòó ti Màmá?"

Gbogbo ojú kọjú sí Oníbúrẹ́dì. Ibi tó ń sá fún látòwúrọ̀ nìyí. Ó wo ọwọ́ oníyẹ̀fun yẹn, ó la ẹnu pé kó sọ pé ó dáa.

"Èmi ni," ni Tíṣà wí.

"Ìwọ bíi ta?" ni Àǹtí Àgbà wí. "Ta ló máa bá ọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ?"

"Ibí ni wọ́n máa wá bá mi. Títí àpótí yẹn á fi gbọ́ Màmá, pálọ̀ wa ni kíláàsì. Akọ̀wé ló máa di ẹ̀rọ mú, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ á máa kọ̀wé." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Tí ẹ bá gbà wọ́n láàyè, mà."

Màmá rò ó wò. "Kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà," ni wọ́n wí. "Mi ò gbálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Àǹtí Àgbà dìde, ó ní òun fẹ́ lọ gbé omi tíì kaná. Ara Oníbúrẹ́dì fúyẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbà láti jókòó ti Màmá. Ó gbà á lójú gbogbo èèyàn. Oníbúrẹ́dì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ sáré lọ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ààrò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ọkọ rẹ̀, ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé Màmá dìde?" ló bi í.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Tíṣà wí. Ó dúró, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì fà wọ́n.

Màmá gbá a lọ́wọ́ pàá. "Ṣé àpò ìrẹsì ni mí?"

Tíṣà fi wọ́n sílẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Nọ́ọ̀sì, ó wo ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "N ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Màmá sún díẹ̀, wọ́n fọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Màá kọ́ ọ."